Iṣẹ́ Tó Wà Lẹ́yìn Orin Ìsọjí

Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1868, William Howard Doane yà sọ́dọ̀ Fanny Crosby ní ìlú New York. Oníṣòwò ni Doane. Ilé iṣẹ́ tó ń rọ ẹ̀rọ ìfági ló ń darí ní Cincinnati, ṣùgbọ́n orin ló gbà á lọ́kàn. Ó ní ogójì ìṣẹ́jú péré ló kù kí ọkọ̀ ojú irin òun gbéra, ohùn orin kan sì wà lọ́wọ́ òun tí kò ní ọ̀rọ̀. Ó jẹ́ kí Crosby gbọ́ ohùn náà. Obìnrin náà bọ́ sí yàrá kejì, kò sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi jáde wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orin tí wọ́n ń pè ní "Safe in the Arms of Jesus". Doane gbà á, ó sáré bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ń sin Ulysses Grant, tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, lọ́dún 1885, orin náà wà lára àwọn tí wọ́n fi ṣe ìsìnkú rẹ̀.

Iṣẹ́ ìyanu ni àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń pè é. Èmi náà gbà pé Ẹ̀mí Ọlọ́run ń ran akéwì lọ́wọ́, Crosby fúnra rẹ̀ kì í sì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin láìkọ́kọ́ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ ni ìtàn náà fò. Nígbà tí Doane fi ń wọlé yẹn, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Crosby ti ń fi orin kíkọ ṣe iṣẹ́ oòjọ́. Láti kékeré ló ti há apá tó pọ̀ nínú Bíbélì sórí. Ohùn tí Doane gbé wá, ọwọ́ ẹni tó ti ń ṣe ohùn orin tipẹ́ ló ti jáde. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn ní gbòǹgbò, gbòǹgbò náà ni mo sì fẹ́ ká wò: ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀, ẹni tó ń wá ohùn sí i, ẹni tó ń dá ègbè mọ́ ọn, àti bí orin ṣe ń kúrò lórí ìwé títí tí yóò fi wà lẹ́nu ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò mọ ẹni tó ṣe é.

Ibi tí a ti fẹ́ kọ orin ló máa ń sọ bí orin yóò ṣe rí. Orin àwọn àgbà bíi Isaac Watts àti Charles Wesley, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ń fẹ́ kí ìwé wà lọ́wọ́ olùjọ́sìn, tàbí kí akọ̀wé ìjọ máa ka ìlà kọ̀ọ̀kan síwájú kí ìjọ tó gbé e. Ẹsẹ wọn pọ̀, ẹ̀kọ́ sì ń gun orí ẹ̀kọ́ nínú wọn. Ẹni tó ń wá sílé Ọlọ́run lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti kékeré ni irú orin bẹ́ẹ̀ bá mu. Ìpàdé ìsọjí ò rí bẹ́ẹ̀. Ní Cane Ridge, ìpínlẹ̀ Kentucky, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1801, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn péjọ yí ilé ìjọsìn kékeré kan ká. Inú àgọ́ àti inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n ń sùn, oníwàásù púpọ̀ sì ń wàásù lẹ́ẹ̀kan náà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú pápá kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà pàápàá, kí ló fẹ́ rí kà lálẹ́ nínú pápá? Ẹlòmíràn sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọjọ́ náà nìkan ló máa gbọ́ ìwàásù, kò ní padà wá mọ́.

Irú èrò bẹ́ẹ̀ ló bí ègbè. Ẹnì kan tó mọ ẹsẹ orin yóò dá a, gbogbo èrò yóò sì gba apá kékeré kan tí kì í yí padà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni àlejò nílò láti gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹsẹ kejì bá fi máa parí, òun náà ti ń kọ ọ́. Àwọn tó wá sọ iṣẹ́ yìí di ọgbọ́n ọwọ́ lẹ́yìn náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹsẹ ni wọ́n ń fi sọ̀tàn tàbí kí wọ́n fi gbé ẹ̀dùn ọkàn kalẹ̀, ègbè ni wọ́n ń fi dáhùn. Wọ́n á fi ìlérí tó ṣe kókó jù lọ sínú ègbè, wọ́n á gbé ohùn rẹ̀ sókè ju ti ẹsẹ lọ kí àyà lè là sí i, wọ́n á sì jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ àwọn ọkùnrin máa tún ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin sọ lẹ́yìn, kí ẹni tí kò tètè gbọ́ lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ń ṣe orin fún àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó mú ọ̀nà yìí wọ ìwé. William Bradbury jẹ́ àgbà láàárín wọn. Ohun tí ọmọdé lè kọ láìwo ìwé, àgbàlagbà tó wá láti ilé ọtí náà á lè kọ ọ́.

Nígbà mìíràn, wọn kì í wá ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Robert Lowry, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Brooklyn, mú orin àtijọ́ kan tí Watts ti kọ láti ọdún 1707, ó wá ohùn tuntun sí i, ó sì dá ègbè tirẹ̀ mọ́ ọn nípa ìrìn àjò sí Síónì. Ọdún 1867 ni èyí jáde, nígbà tí Watts ti kú ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Lọ́dún 1885, Ralph Hudson tún ṣe irú rẹ̀ fún orin Watts mìíràn, èyí tó dá lórí ìyà Jésù, tó sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Ègbè tí Hudson dá mọ́ ọn sọ ẹkún náà di ayọ̀ níbi àgbélébùú. Mo fẹ́ràn ibi tí ìtàn orin yìí àti ti Crosby ti pàdé. Orin Watts yẹn gan-an, láìsí ègbè Hudson, ni wọ́n ń kọ nínú ìpàdé ìsọjí kan nílé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní New York ní oṣù Kọkànlá ọdún 1850, tí Fanny Crosby dìde tó fi ayé rẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni nígbà yẹn. Ní ọdún tó ṣáájú, àrùn onígbáméjì ti jà ní ìlú náà, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ojú Crosby kò ríran. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1820 ni wọ́n bí i, ní Southeast ní ìpínlẹ̀ New York. Nígbà tó tó ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú ń dùn ún. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní dókítà lẹ oògùn gbígbóná mọ́ ọn lójú, ohun tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì gbà ni pé oògùn náà ló bà á lójú jẹ́. Kò pẹ́ tí bàbá rẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀ ń lọ ṣiṣẹ́ nílé àwọn ẹlòmíràn, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì ń sọ fún un bí òdòdó ṣe rí àti bí ẹyẹ ṣe rí. Obìnrin kan tí wọ́n ń gbé nílé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní Bíbélì, orí márùn-ún lọ́sẹ̀, títí àwọn ìwé Mósè, àwọn Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwé Òwe àti ọ̀pọ̀ Sáàmù fi wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì nípa ibi tí orin tó lé ní 8,000 ti jáde lára obìnrin kan ṣoṣo, kó wo ibẹ̀ ná. Kì í wá ọ̀rọ̀ kiri. Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, ìtò ló kù.

Oṣù Kejì ọdún 1864 ló kọ orin àkọ́kọ́ fún Bradbury. Láti ìgbà náà, orin méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ di ojúṣe rẹ̀, nígbà mìíràn ó sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí Bradbury kú lọ́dún 1868, àwọn tó jogún ilé ìtẹ̀wé náà, Biglow àti Main, ń bá a lọ pẹ̀lú rẹ̀. Inú ọkàn rẹ̀ ló ti ń to orin, yóò tún un ṣe níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò pè é fún ẹni tó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lè tọ́jú orin púpọ̀ pamọ́ sínú lẹ́ẹ̀kan náà láìdà wọ́n rú. Nítorí pé àwọn oníwèé kò fẹ́ kí orúkọ ẹnì kan kún ìwé orin kan, ó ń lo orúkọ ìbòjú tó lé ní ọgọ́rùn-ún, títí kan àwọn lẹ́tà àti àmì lásán. Dọ́là kan tàbí méjì ni wọ́n ń san fún un lórí orin kan, wọ́n sì ra orin náà tán nìyẹn. Ẹni tí orin rẹ̀ gba ayé kan ń gbé yàrá tálákà ní Manhattan, nítòsí àwọn ọ̀mùtí àti aláìnílé tó ń bẹ̀ wò. Àwọn kan ti bínú nítorí èyí, wọ́n ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Mo rò pé ìbínú náà tọ́, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ bá wọn bínú.

Bí a bá tẹ̀lé orin rẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i bí iṣẹ́ àti ìmísí ṣe ń wọnú ara wọn. Lọ́dún 1869, Doane fi àkòrí kan ránṣẹ́ sí i: gbígba àwọn tó ń ṣègbé là. Kò tíì kọ nǹkan kan lórí rẹ̀ nígbà tó lọ sí ilé ìhìnrere kan láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ní New York. Bó ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ti ṣìnà kúrò nínú ẹ̀kọ́ ìyá rẹ̀, bí wọn kò bá sì gbà á lálẹ́ ọjọ́ náà, ó lè máà sí ìgbà mìíràn. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọmọkùnrin ọdún méjìdínlógún kan jáde sí i, ó ní òun ni. Kí Crosby tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, "Rescue the Perishing" ti parí. Ìtàn ọmọkùnrin náà ni gbogbo èèyàn ń sọ. Àkòrí tí Doane ti fi ránṣẹ́ kì í bọ́ sí wọn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ òun ló jẹ́ kí àpò wà nílẹ̀ nígbà tí ọkà dé.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Phoebe Knapp tún bá a ṣe irú iṣẹ́ tó bá Doane ṣe. Aya ọlọ́rọ̀ ni Knapp, ọmọ àwọn ajíhìnrere olókìkí sì ni. Lọ́dún 1873 ó ṣe ohùn kan, ó fi dùùrù lù ú fún Crosby, ó sì bi í pé kí ni ohùn náà ń sọ. Ìdáhùn Crosby ló di "Blessed Assurance". Ohùn ló kọ́kọ́ wà, ọ̀rọ̀ ló tẹ̀lé e.

Ti Annie Hawks yàtọ̀. Ìyàwó ilé ni ní Brooklyn, ọmọ ìjọ Lowry. Lọ́dún 1872, bó ti ń ṣe iṣẹ́ ilé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí ara tù ú, ọ̀rọ̀ nípa bí òun ṣe nílò Olúwa ní gbogbo wákàtí sọ sí i lọ́kàn. Ó kọ ẹsẹ orin náà, ó fún àlùfáà rẹ̀. Lowry ló wá ohùn sí i, Lowry náà ló sì kọ ègbè rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì sí mi, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé orin tó ń tu ọlọ́fọ̀ nínú gbọ́dọ̀ ti inú ọ̀fọ̀ jáde. Inú ayọ̀ ni eléyìí ti jáde. Hawks fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí òkùnkùn ọ̀fọ̀ ti ṣú bo òun náà, pé ìgbà yẹn ni òun tó mọ agbára ìtùnú tó wà nínú ohun tí òun ti kọ fún ẹlòmíràn.

Philip Bliss ní tirẹ̀ lè kọ ọ̀rọ̀, ó lè ṣe ohùn, ó sì tún ń kọ orin fúnra rẹ̀ níwájú èrò pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ tó rinlẹ̀. Orísun orin rẹ̀ ni ìwàásù. Bí oníwàásù bá sọ ìtàn kan tó mú èrò dákẹ́, Bliss yóò ti mọ̀ pé ègbè wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1870, ọ̀gágun Daniel Whittle sọ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Illinois nípa ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà: bí Ọ̀gágun Sherman ṣe ti orí òkè fi àsíá ránṣẹ́ lọ́dún 1864 sí àwọn ọmọ ogun tí ọ̀tá ká mọ́, pé kí wọ́n dúró, ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀. Kò pẹ́ tí Bliss fi kọ ègbè rẹ̀ sórí pátákó níwájú èrò ní Chicago, "Hold the Fort" sì la Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì já. Bliss kò fẹ́ kó jẹ́ èyí nìkan ni wọ́n máa fi rántí òun, ó gbà pé òun ti kọ orin tó dára jù ú lọ. Síbẹ̀, "Hold the Fort" gan-an ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta ìrántí rẹ̀ ní Rome, Pennsylvania.

Nínú àwọn tó sàn jù lọ lára iṣẹ́ rẹ̀ ni ohùn tó ṣe sí ọ̀rọ̀ Horatio Spafford, agbẹjọ́rò kan ní Chicago. Ìtàn Spafford ti di mímọ̀: iná tó jó Chicago lọ́dún 1871 gba dúkìá lọ́wọ́ rẹ̀; ní oṣù Kọkànlá ọdún 1873, ọkọ̀ ojú omi Ville du Havre rì sínú òkun Àtìláńtíìkì pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyàwó rẹ̀ Anna nìkan ló yè, òun ló sì fi wáyà ránṣẹ́ sí i. Nígbà tó wọ ọkọ̀ lọ bá a, ó kọ orin àlàáfíà ọkàn tí gbogbo ayé mọ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn sábà máa ń parí sí. Ṣùgbọ́n ìwé lásán ni ì bá jẹ́ bí Bliss kò bá wá ohùn sí i lọ́dún 1876. Ó fi orúkọ ọkọ̀ tó rì náà pe ohùn yẹn, Ville du Havre, ó sì dá ègbè kan sí i níbi tí ohùn obìnrin ti ń pè tí ohùn ọkùnrin ń dáhùn, bí ẹni pé ìjọ ń bá ọlọ́fọ̀ sọ ọ́ títí òun náà yóò fi lè sọ ọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, afárá já lábẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Ashtabula, Ohio, nínú òjò dídì. Bliss àti ìyàwó rẹ̀ Lucy wà lára àwọn tó kú. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni. Nínú ẹrù rẹ̀ tó ti ṣáájú dé, wọ́n rí ọ̀rọ̀ orin kan tí kò tíì ní ohùn. James McGranahan mú un, ó ṣe ohùn sí i, òun náà ló sì bọ́ sí ipò Bliss gẹ́gẹ́ bí akọrin níbi ìwàásù Whittle.

Títí dé ibí, orin ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Ira Sankey ló gbé e jáde. Òṣìṣẹ́ owó orí ìjọba ni kí Dwight Moody tó pàdé rẹ̀ ní Indianapolis lọ́dún 1870, nígbà tó gbọ́ ọ tó ń dá orin, tó sì ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó wá bá òun ṣiṣẹ́. Oníwàásù ni Moody, kì í ṣe olórin, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọkàn tí orin ti rọ̀ ni ìwàásù ń wọ̀. Lọ́dún 1873 wọ́n dé Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, wọ́n dé Edinburgh, ibẹ̀ sì le. Sáàmù nìkan ni ọ̀pọ̀ ìjọ Scotland ń kọ nínú ìsìn nígbà náà, wọn kò sì gba dùùrù láyè. Sankey jókòó sídìí dùùrù kékeré tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ó ń dá orin fúnra rẹ̀, ó ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kedere bí ẹni ń bá èèyàn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Horatius Bonar, àgbà nínú àwọn akọ̀wé orin ilẹ̀ náà, wà láàárín èrò, ẹ̀rù sì ń ba Sankey nítorí rẹ̀. Nígbà tí ìpàdé tú, Bonar na ọwọ́ sí i, ó ní ìhìnrere ló fi orin wàásù ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, bí wọ́n ti ń ti Glasgow padà lọ sí Edinburgh, Sankey ra ìwé ìròyìn kan fún kíkà nínú ọkọ̀. Ní igun kan ló ti rí ewì kékeré nípa àgùntàn tó sọnù. Ó gé e, ó kì í bọ àpò. Elizabeth Clephane ló kọ ọ́, obìnrin ará Scotland tí ara rẹ̀ kò le rí, tó ti kú láti ọdún 1869 kó tó pé ẹni ogójì ọdún. Nígbà ìpàdé, Moody wàásù lórí Olùṣọ́-àgùntàn rere, ó yíjú sí Sankey, ó ní kó dá orin tó bá a mu. Sankey kò ní ọ̀kankan. Ó tẹ́ bébà inú ìwé ìròyìn náà síwájú dùùrù, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì ń wá ohùn náà bó ti ń kọ ọ́. Nígbà tí ẹsẹ àkọ́kọ́ parí, ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni bóyá òun á tún lè kọ ẹsẹ kejì bí òun ti kọ ti ìṣáájú. Ó kọ ọ́ tán, ohùn yẹn náà ni wọ́n sì ń kọ ọ́ títí di òní. Bí a bá ní ká wá ibi tí ìmísí ti hàn gbangba jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibí ni èmi á nàka sí. Síbẹ̀, ọdún mélòó ni Sankey ti fi tẹ dùùrù kí ìka rẹ̀ tó lè mọ ibi tí yóò lọ lọ́jọ́ náà!

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn ń yá ìwé orin Sankey lọ, wọn kì í sì í dá a padà. Ilé ìtẹ̀wé Morgan àti Scott bá a tẹ ìwé pẹlẹbẹ olójú ewé 16 lọ́dún 1873, wọ́n pè é ní Sacred Songs and Solos. Ìwé náà ń wú, títí tí orin inú rẹ̀ fi pé 1,200 lọ́dún 1903. Ní Amẹ́ríkà, òun àti Bliss bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé Gospel Hymns lọ́dún 1875. Owó ńlá wọlé, àwọn ọ̀tá sì ń sọ pé nítorí owó ni wọ́n ṣe ń kọrin. Moody, Sankey àti Bliss fa owó ìwé náà lé àwọn alábòójútó lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí Moody dá sílẹ̀ ní Northfield.

Àwọn ọ̀mọ̀wé nínú orin kò fẹ́ràn orin wọ̀nyí, àwọn mìíràn kò sì tíì fẹ́ràn wọn títí di ìsinsìnyí. Wọ́n ní ohùn wọn rọrùn jù, "èmi" pọ̀ nínú wọn ju "àwa" lọ, ẹkún sì pọ̀ ju ẹ̀kọ́ lọ. Òótọ́ wà nínú rẹ̀: nínú orin 8,000, a kò lè retí pé gbogbo rẹ̀ yóò dùn, ọ̀pọ̀ orin Crosby sì ti kú láìsí ẹni tó ṣọ̀fọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jáde sí iwájú nígbà ìpè, òun nìkan ló ń jáde. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n kọ "èmi" sí.

Ọ̀pọ̀ nínú orin wọ̀nyí dé ilẹ̀ Yorùbá nínú ìwé orin àwọn míṣọ́nnárì. Ẹni tó ń kọ "Má Kọjá Mi, Olùgbàlà" níbi àdúrà òru lè máà mọ̀ pé orin Crosby ni, pé ọdún 1868 ló kọ ọ́, lẹ́yìn tó gbọ́ igbe ẹlẹ́wọ̀n kan tó ń bẹ̀ pé kí Olúwa má fi òun sílẹ̀. Ìṣòro kan wà tí àwọn atúmọ̀ kò rí ọgbọ́n rẹ̀ dá: ohùn orin òyìnbó kì í wo ohùn ọ̀rọ̀ wa. Ibi tó yẹ kó wálẹ̀ ni yóò gòkè, ọ̀rọ̀ á sì di nǹkan mìíràn lẹ́nu akọrin. A ti mọ́ra débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kò fẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe orin ìsìn tó bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ, ó sì gbé wọn lọ sí London lọ́dún 1922, níbi tí wọ́n ti gbà wọ́n sínú àwo. T. K. E. Phillips, tó ń lu dùùrù ní Kàtídírà ní Marina, Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá lọ́dún 1953, ó sì fi hàn pé ohùn ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ máa darí ohùn orin.

Èyí yí iṣẹ́ náà padà pátápátá. Doane lè gbé ohùn tí kò ní ọ̀rọ̀ wọlé kó ní kí Crosby wá ọ̀rọ̀ sí i. Lọ́dọ̀ wa, ohùn tó bá ti gòkè tó sì sọ̀kalẹ̀ ti ń sọ nǹkan. Onílù mọ èyí dáadáa. Ọ̀rọ̀ àti ohùn ń jáde pọ̀ láti ẹnu ẹnì kan ni. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí nígbà tí ìsọjí tiwa dé. Ní ìjọ Kérúbù àti Séráfù tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1925, ojú ìran àti inú àdúrà ni wọ́n ní ọ̀pọ̀ orin ti ń wá, ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ọ̀ọ́yè, Iléṣà, lọ́dún 1930, èrò ń ti ìlú àti abúlé wá láìdáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ọ́kà, bíi ti Cane Ridge. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ orin kúkurú: kí adárin pè é, kí èrò gbà á, kí adárin fi orúkọ ìṣòro mìíràn rọ́pò ti ìṣáájú, kí èrò tún gbà á, títí tí ìgbà yóò fi tó fún àdúrà.

Sankey fọ́jú ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ó ti kọ ìtàn àwọn orin wọ̀nyí àti àwọn tó ṣe wọ́n, iná jó ìwé náà nílé ìtọ́jú kan ní Battle Creek, ó sì tún un kọ láti inú orí. Lọ́dún 1906 ìwé náà jáde. Lọ́dún 1908 ó kú. Inú ìwé yẹn ni púpọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa Hawks, Clephane àti Bliss ti wá. Àwọn ègbè tí a jogún láti ìsọjí tiwa, àwọn tí ọmọ wa ń kọ ní ilé àti ní òkè òkun, ẹnì kan ló kọ́kọ́ pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn àgbà tó mọ orúkọ adárin tó pe èyí, àti ìlú tó ti pè é, ṣì wà nínú àwọn ìjọ wa, ìbéèrè ni a kò bi wọ́n.